Mẹ́rin Di Ogójì

Iná ti lọ ní Kúbúwà láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi kù díẹ̀ kó dákú.
Mo ní kí n sáré pààrọ̀ ìwé àdéhùn yẹn
kí n tó sùn.

Ìwé kékeré ni. Ojú ewé kan, kò tilẹ̀ kún.
Òun la fi ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ wa
bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀:
èwo ló ń ṣíwájú, èwo ló ń tẹ̀ lé e,
èwo ni nọ́ńbà, èwo ni orúkọ.
Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Gúsáù ń kà á,
ti Dútsè ń kà á, ti Pòtískùm ń kà á,
èmi náà ń kà á níhìn-ín.
Bí ẹnì kan bá yí i, gbogbo wa la pààrọ̀ ahọ́n.

Talátù ló yí i, ní Kàdúná, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.
Ó ní kíka ooru ní odindi kò sọ òótọ́ tó,
ká máa pín ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá.
Kò parọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.
Mo fojú fo ìlà náà bí ẹni fo gọ́tà.
Mo fa ẹ̀dà tuntun wọ inú àwọn fíríìjì,
mo dán an wò, àwọ̀ ewé tàn: kò séwu.
Mo sùn.

Akígbe ni mo gbàgbé,
ẹ̀rọ tó ń fi fóònù jí olùṣọ́ lóru.
Orí ẹ̀dà àtijọ́ ló ṣì jókòó sí,
bí àgbà tí wọn ò pè sípàdé.
Fíríìjì ní ara òun tutù, mẹ́rin péré;
lédè tuntun, ogójì ni wọ́n ń kọ mẹ́rin.
Akígbe rí ogójì.
Ó figbe ta.

Aago méjì òru, ó jí Málàm Bùkár ní Pòtískùm
pé abẹ́rẹ́ ń sè nínú fíríìjì.
Bàbá kó yìnyín, ó kó igba abẹ́rẹ́
àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń bọ̀ láàárọ̀,
ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà,
ó gun kìlómítà mọ́kànlá lọ sí ọsibítù,
nínú ọyẹ́,
nígbà tí ìta gan-an fẹ́ẹ̀ẹ́ tutù tó fíríìjì.

Mo pè é láàárọ̀. Mo ti múra èébú sílẹ̀.
Ó wúkọ́ eruku, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀,
ó fi Yorùbá tó kọ́ nídìí àlùbọ́sà ní Ṣáṣá dá mi lóhùn:
"Mo fọwọ́ kan fíríìjì yẹn kí n tó jáde o.
Ó tutù.
Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní ó gbóná."

Mo tún ìwé náà ṣí.
Níbi tí a to orúkọ àwọn tó ń kà á sí,
lábẹ́ fíríìjì, lábẹ́ akígbe,
mo kọ Bùkár,
mo fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i.