Ìlà Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Èmi ni mo gbé ìwé, èmi ni mo di bíírò mú
láàárọ̀ Ọjọ́rú tí wolé-wolé já wọ ṣọ́ọ̀bù Ládùnńní
ní Àńdà-Jíì, l'Ógbòmọ̀ṣọ́.
Fìríìsà mẹ́ta. Ọ̀gá wa ṣí àkọ́kọ́,
ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí.
Òórùn náà kò dúró gbàṣẹ,
ó ti dé títì kí a tó sọ̀rọ̀.

"Yógọ́ọ̀tì oníke, ọgọ́sàn-án ó lé méje."
Mo kọ ọ́.
"Mílíìkì alágolo tó ti wú, ogójì."
Mo kọ ọ́.
"Wàrà inú omi, abọ́ mẹ́rìndínlógún."
Mo kọ ọ́, mo gbé itọ́ mì:
lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nínú abọ́ yẹn náà,
obìnrin yìí fi méjì ṣe ènì fún mi.

Ládùnńní kò sunkún. Ó ní,
"Ẹ bi mí lọ́jọ́ tí iná ti lọ."
Kò sẹ́ni tó bi í.
Ó ń fi ìka kà á fúnra rẹ̀: ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta,
yìnyín Sábó di ọ̀wọ́n lọ́jọ́ kẹrin,
lọ́jọ́ karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìdajì owó.
Èyí ni kò sọ sókè.
Ọmọ iléèwé méjì sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù;
ikùn ò gbọ́ àwáwí.

Ní ààtàn ọ̀nà Ìkòyí, a fọ̀bẹ dá ike lu níkọ̀ọ̀kan,
a bu karosíìnì lé e, kẹ́nikẹ́ni má padà wá hú u.
Funfun náà ń wọ́ lọ nínú erùpẹ̀ pupa,
ó ń wá ẹnu kiri
bí omi ọyàn abiyamọ tọ́mọ rẹ̀ kú.
Lékeléke mẹ́rin bà sórí òkìtì,
àwọn tó mọ màlúù ju gbogbo wa lọ.
Wọ́n wò ó.
Wọ́n fò lọ.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo ń kọ fọ́ọ̀mù:
Orúkọ ẹlẹ́rù. Iye ẹrù. Bí a ṣe pa á run.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn,
mo wá ìlà tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tó bà á jẹ́.
Ibi tí mo ti ń wá a ni fáànù ti yí lójijì,
gbogbo ọ́fíìsì hó yèè: "Iná ti dé!"
Ọ̀gá wa pàápàá pàtẹ́wọ́.