Káàdì Mẹ́ta

Káàdì mẹ́ta ló wà nínú náílọ́ọ̀nù mi:
búlúù ti ojú, pupa ti ẹsẹ̀,
èyí tí òjò pa ní Tákíé ni ti ìtọ̀ ṣúgà gan-an.

Dókítà ojú ní, "Ta ló kọ oògùn yìí fún yín?"
Mo ní ẹnìkejì yín ni, yàrá tó tẹ̀lé tiyín,
ẹ sì ń gbúròó ikọ́ ara yín.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ òmíràn.

Ọ̀kan ní kí n máa rìn kí ṣúgà lè wálẹ̀,
ọ̀kan ní n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀.
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Wọ́n pín mi bí ẹran Iléyá,
ojú fún lágbájá, ẹsẹ̀ fún làkáṣègbè,
ẹ̀jẹ̀ mi wà nínú ìgò kékeré kan
tí wọ́n ní àwọn ò rí mọ́,
kí n tún lọ sanwó.

Lálẹ́, Oyèládùn ọmọ mi
tú oògùn náà sórí ẹní,
ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ.
"Màámi, oògùn kan náà ni méjì nínú ìwọ̀nyí,
orúkọ ló yàtọ̀."

Abájọ.
Abájọ tí mo fi ṣubú lọ́jọ́ Àìkú,
tí òógùn bò mí, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
tó jẹ́ mángòrò tí wọ́n kà léèwọ̀ fún mi
ló jí mi dìde.

Mo ti ká kàlẹ́ńdà náà sápò.
Bí wọ́n bá bi mí pé dókítà wo ló kọ ọ́,
n ó ní aránṣọ ni,
ní Àpáàkè.