Òjò Inú Kakulétọ̀

Ọyẹ́ ń fẹ́ ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n lóru ọjọ́ náà.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sọ̀rọ̀.
Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú,
èyí tó rí roboto bíi kọ́bọ̀, tí í ṣọ́ ìrántí rẹ̀,
ti kú ṣáájú wọn, n kò mọ̀.

Òjò ọdún mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀,
òjò oko kajú Bàámi lọ́nà Ìkòyí.
Òun ló ń fi rúlà wọn omi inú agolo,
èmi ló ń gbọ́ ọ lórí fóònù, tí mò ń tẹ̀ ẹ́:
“Méje.” “Ẹ̀ẹ́dógún.”
“Òfo lónìí o, Àwẹ̀ró, ooru nìkan ló rọ̀.”
Ẹ̀rọ á fi wọ́n ya òkè, á fi wọ́n ya àfonífojì
lójú kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Mo ra bátìrì tuntun ní Tákìé. Ó lajú.
Ó kí mi bí àlejò.
Ìlà méjì péré ló dábùú ara wọn,
ìkóríta tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá rí.

Oyèkànmí ló yọ mí.
Lóṣù kẹwàá, ó ti fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀,
ó ṣe àdàkọ gbogbo ohun inú rẹ̀,
mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni.
“Iná ìjọba la fi ń kàwé,” ó ní, “mo gbọ́dọ̀ lójo.”
Ó tún so wáyà.
Ẹ̀rọ béèrè: ṣé kí n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́?
Kí ló wà níbẹ̀? Pa á rẹ́.
Ìlà dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọlé bí ọ̀wọ́ èèrà.

Òjò padà. Ó dé oṣù kẹwàá, ó dúró síbẹ̀.
Òjò ìkẹyìn, èyí tó bá òdòdó kajú jà, kò sí.

Mo gba oko lọ ní Sátidé, ojú ń tì mí.
Bàámi kò bínú. Ó fi ilẹ̀kùn àká hàn mí:
èédú, ìlà lórí ìlà, ọdún mẹ́ta gbáko.
“N kò sọ fún ọ pé mo dẹ́kun tèmi.”

A kà á mọ́ ti ẹ̀rọ. Ó bára mu, ó bára mu,
títí dé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún èṣí.
Ẹ̀rọ ní mẹ́rìnlá.
Ilẹ̀kùn ní mọ́kànlélógójì.
Ìka mi ló gbé ọ̀kan ṣáájú mẹ́rin.
Oyèkànmí ti bá mi tọ́jú àṣìṣe náà,
ó sì dá a padà fún mi láìyingin.

“Òjò tó ká páànù ilé ìdáná ìyá rẹ nìyẹn,” Bàámi ní,
“ṣé mẹ́rìnlá lè ká páànù?”

Mo wá ibi tó wà, mo pa á rẹ́, mo tẹ òótọ́ síbẹ̀.
Òkè ṣóńṣó kan yọ lójú ẹ̀rọ.
Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ́. Ó ní ó jọ páànù náà bó ṣe gbéra.
Lẹ́yìn náà ó gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó yí i sókè yí i sódò,
ó ní èwo nínú ẹnu rẹ̀ ló lè wọ ilẹ̀kùn.