Jẹ́ Kí Iná Kú Ná

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ní Òkè-Òmìrù,
a kì í pariwo jí ọkọ̀ yìí lójú oorun.
Yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí o dúró.
Iná kékeré kan á tàn, pupa rúsúrúsú bí ìyeyè.
Jẹ́ kí iná kú ná.
Bí o bá kánjú, yóò húkọ́ mọ́ ọ lójú,
àwọn adìyẹ ìyá Ṣíjúwadé á fò gun orí ògiri.
Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń dúró dè é,
n kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn kankan rí.

Bẹ́ǹsì ni. Ó gùn bí ìparí oṣù tí owó kò tíì wọlé.
Kútọnu ni èmi àti àbúrò mi Fadéhàn ti lọ rà á,
ẹ̀yáwó àjẹṣẹ́kù mi ló lọ sí i pátá.
Wọ́n ní, "Ìyá agbẹ̀bí, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ agbókùú ṣe?"
Mo ní ọmọ márùn-ún ni mo bí, mi ò bí òkú.

Kí ló wù mí nínú rẹ̀? Ohùn rẹ̀.
Gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀,
bí arúgbó tó ń fi eyín mẹ́rin jẹ gúgúrú.
Láti Adéti ni ajá wa ti ń mọ̀ pé èmi ni,
bàbá wọn á ti gbé omi kaná kí n tó dé géètì,
nígbà tó wà láyé.
Kí ni n kò fẹ́? Òórùn rẹ̀.
Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́,
dísù kò bọ́;
ẹni tó bá dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì á bi mí
bóyá jẹnẹrétọ̀ wa ló bàjẹ́.

Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ẹlòmíràn ń kó ẹrù sí,
àga kékeré méjì wà níbẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn.
Ìbídùn àti Làǹkẹ́ ló ni wọ́n.
Àwa yòókù ń wo ibi tí à ń lọ,
àwọn ń wo ibi tí a ti ń bọ̀:
Ìtagunmódì tó ń kéré sí i,
awakọ̀ onígẹdú tí wọ́n ń yọ ahọ́n sí,
eruku, eruku, òkè.
"Ìyá, a ti kọjá ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀!"
Ìgbà gbogbo ni ìròyìn wọn ń pẹ́ dé.

Lọ́dún tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú,
tí ọkọ̀ tò láti Ìjọ̀ka dé Òkèsà,
èmi wọlé láìtò, mo ra dísù, mo jáde.
Ọdún náà ni mo gbé ìyàwó Àjíṣefínní, mẹkáníìkì mi,
lọ sí Wẹ́sílì lóru.
Òjò ń rọ̀, iná iwájú kan ṣoṣo ló ń tàn.
Ọkọ̀ náà kò sáré, kò sì dúró.
Ọmọ ni kò dúró dè wá.
Orí àga àárín ni mo ti gbẹ̀bí rẹ̀,
àbàwọ́n náà ṣì wà níbẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, owó irin nìkan ni Àjíṣefínní ń gbà.

Owó tó ń kún táǹkì nígbà náà
kò lè rin ìdí kẹ́ẹ̀gì báyìí.
Làǹkẹ́ pè láti Kánádà:
"Ẹ tà á, Ìyá. Ẹ ra kékeré. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."
Ọkùnrin kan wá wò ó láti Òṣogbo,
ó ta táyà nípàá, ó béèrè pé ọ̀gá dà.
Mo ní èmi ni.
Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò dúró kí iná kú,
ọkọ̀ húkọ́, adìyẹ fò gun orí ògiri.
Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra iṣu mẹ́fà ní Ìpetu,
mo kó wọn sí àga Ìbídùn,
mo de bẹ́líìtì mọ́ wọn lára nítorí kòtò.
Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò títí a fi délé.