Ìró Lẹ́nu Ọ̀nà Balùwẹ̀

Èmi ni mo kọ ọ́. N kò ní dárúkọ ẹlòmíràn.
Yàrá kan ní Òkè-Ẹlẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké bí ewúrẹ́ tọ́mọ rẹ̀ sọnù,
mo ń kọ ètò orí fóònù fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń dín gààrí.
Ìlà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ ìgbowó:
Wò ó bóyá owó wà.
Bó bá wà, san án.
Kó o wá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.
Ó dára lójú mi. Mo lọ sùn.

Ọ̀kẹ́ méjì náírà ni Látúndùn ní nínú àpò ẹgbẹ́,
owó ẹ̀gẹ́, owó èéfín, owó ojú tó pọ́n.
Ọmọ rẹ̀, Oyèdìran, gbé fóònù méjì lé itan,
àtàǹpàkò ọ̀tún, àtàǹpàkò òsì,
ó tẹ méjèèjì pọ̀, gbàà!
Fóònù kan béèrè: ṣé owó wà? Owó wà.
Kí ìyẹn tó na ọwọ́, èkejì béèrè: ṣé owó wà?
Ó ṣì wà. Irọ́ kọ́. Nígbà náà, ó ṣì wà.
Ọ̀kẹ́ méjì jáde. Ọ̀kẹ́ méjì tún jáde.
Ìwé kọ òfo, ó tún kọ òfo lé e,
ojú ò tì í.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò
ní í mu omi tó tòrò.
Wọn ò sọ ti ẹni méjì tó dé pọ̀,
tí wọ́n jọ ki igbá bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá ibi tó ti ń jò.
Bí mo bá dá tẹ̀ ẹ́, á dáhùn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́;
eku tí kì í jáde níbi tí iná bá wà.
Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n ka iye tó dín sí òun létí.
Mo kà á. Kò sọ nǹkan kan.

Àfi bí mo ṣe rántí ilé wa ní Ìjẹrù,
balùwẹ̀ onípáákó kan, àwa ogún èèyàn.
Mo yọjú wò ó láàárọ̀: kò séèyàn.
Mo lọ fa omi ní kànga. Kí n tó gbé garawa dé,
ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ti wà níbẹ̀, ọṣẹ lójú, ó figbe ta.
“Mo ṣáà wò ó! Kò sẹ́nì kankan!”
Ìyá àgbà ní: “Ìgbà tó o wò ó ni kò séèyàn.
Ìgbà tó o wò ó kọ́ lo wọlé.
Fi ìró rẹ kọ́ ilẹ̀kùn ná, kó o tó lọ fami.”

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi ṣáájú mẹ́ta:
Di ilẹ̀kùn mú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó dúró.

Kò jò mọ́.
Wọ́n ní Oyèdìran ti dé Ìlọrin.
Lọ́jọọjọ́ ọjà, Látúndùn ń gbé kóńgò gààrí kan wá sílé ẹgbẹ́,
ó ń san gbèsè àtàǹpàkò ọmọ rẹ̀.
Lánàá, mo rí i tó ń bọ̀. Mo fẹ́ wí fún un
pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.
Kí n tó la ẹnu,
ó ti kọjá.