Etí Fọ́tò

Mọrẹ́nikéjì ní kí n fa etí fọ́tò òun ya,
kó rí bí ìwé tọ́wọ́ ya,
kó má jọ ti àlùmọ́gàjí.
Iná ò sí ní Òkè-Àró láti àárọ̀,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti ń lọ sílẹ̀.

Mo gé etí náà gbágungbàgun,
mo fi funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bí inú ìwé ṣe ń funfun,
mo na òjìji díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.
"Ó ṣì dán jù."
Mo tún un ṣe. Ó mirí.

Ó bá tọwọ́ bọ báàgì,
ó yọ bàbá rẹ̀ jáde: ààbọ̀ ẹ̀rín, apá agbádá kan.
Ìyá rẹ̀ ló ya á, lọ́jọ́ tó gbọ́
pé ilé kan tún wà ní Ìdànrè.

Mo fìka tọ ojú yíya náà.
Ó sáré wá láti òkè, ó yà,
ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá etí ọkùnrin yẹn,
bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan sí i,
kó tó já wálẹ̀.

Ohun tí ìyá fi ìṣẹ́jú kan ṣe,
odidi ìrọ̀lẹ́ ni mo fi kọ́ ọ.
Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ etí,
eku abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi gbọ̀n.

"Má tún ibẹ̀ ṣe," ni Mọrẹ́nikéjì wí.