Èyí Tó Ń Ṣáájú

Ní Wọ́mínísítà, lẹ́bàá pápá ìdánrawò àwọn sójà,
iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ ẹrẹ̀ kúrò lára róbọ́ọ̀tì.
Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oṣù kọkànlá, ilẹ̀ ti ṣú,
ọkọ̀ ńlá á já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ṣẹ́ẹ̀dì,
mẹ́ta, márùn-ún nígbà mìíràn.
Wọn ò ga ju orúnkún mi lọ, wọ́n sì wúwo ju màlúù.
Kò sí ìjókòó lórí wọn.
Kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ lé.

Ẹrẹ̀ ibí funfun. Lábẹ́ koríko wọn, ẹfun ni.
Ó máa ń gbẹ mọ́ ṣéènì ẹsẹ̀ wọn
bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò.
Màá da omi gbígbóná lé e,
màá fi irin ṣóńṣó họ ọ́.

Kíìtì, tó ń tún ọwọ́ wọn ṣe, ló ń sọ ìtàn wọn fún mi:
nọ́ńbà méje ló ń wá bọ́ǹbù;
nọ́ńbà mẹ́ta lọ sí ilé-iṣẹ́ kan lápá àríwá,
níbi tí afẹ́fẹ́ inú yàrá ti ń pa èèyàn.
Ó wọlé, ó yí páìpù dé, ó jáde,
kò tilẹ̀ húkọ́.

Bàbá mi náà ṣáájú rí.
Nígbà ogun abẹ́lé, lójú ọ̀nà kan tí kò dárúkọ rẹ̀ fún wa,
wọ́n fún un ní irin ṣóńṣó, wọ́n ní kó máa gún ilẹ̀ lọ,
kí lọ́rì máa tẹ̀ lé e.
Ìṣísẹ̀ kan, ó gún ún.
Ìṣísẹ̀ kan, ó gún ún.
Títí tó fi kú sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìkìrun, kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbanngba mọ́.
Bó bá ń lọ tọ̀ lóru pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà.
Àwa ọmọ a máa sín in jẹ. Kí Ọlọ́run foríjì wá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fọ nọ́ńbà méje dáadáa,
tí mo ń nu ojú rẹ̀ tó jẹ́ gíláàsì,
tí mo ń kí i, bí Kíìtì ò bá sí nítòsí.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n já tuntun kan sílẹ̀.
Níbi tí ọwọ́ yẹ kó wà, ìdí ìbọn ni, wọ́n fi tàpólì bò ó.
Kíìtì ò wojú mi.
Ó ní, "Èèyàn ló ṣì máa tẹ bọ́tìnnì."
Mo ní, "Níbo ni èèyàn náà máa wà?"
Ó ní nínú yàrá kan. Ó ní àga wà níbẹ̀.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, wọ́n ní ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Èyí ò ní tọmọ nínú.
Bí wọ́n bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́ ẹ.
Lọ́jọ́ kan, bàbá mi rí ipa ẹsẹ̀ ọmọdé
tó ya kúrò lójú ọ̀nà, tó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ.
Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbé ìbọn.
Ó kàn gbé ọwọ́ sókè ni, ó dúró síbẹ̀,
títí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀.
Ìyẹn nìkan ló sọ fún wa nípa ogun.

Mo fọ̀ ọ́ náà. Owó ilé ń bẹ láti san.
Omi funfun ṣàn lọ sínú gọ́tà.
Láàrin ṣéènì rẹ̀, mo bá ìgbín kékeré kan, karawun rẹ̀ ò fọ́.
Mo gbé e sórí koríko lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, nínú òtútù,
mo sì dúró tì í.
Ó pẹ́.
Nígbà tó ṣe, ó yọrí,
ó na ìwo rẹ̀,
ó ń tọ́ ilẹ̀ wò.